Ìtàn àti Àwọn Ẹlẹ́rìí Rẹ̀

Nígbà tí a bá ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ ohun tí ìtàn jẹ́, ó sábà máa ń dáhùn pé ìtàn ni ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní àtijọ́. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ti kọjá lọ. Kò sí ẹni tí ó lè pè é padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè lọ síbẹ̀ láti fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Àwọn ọba tí ó jẹ ní Ọ̀yọ́-Ilé ti wàjà, ààfin wọn ti di igbó, àwọn tí ó sì ja ogun wọn kò sí mọ́. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni ẹ̀rí: ọ̀rọ̀ tí a sọ, ìwé tí a kọ, ohun tí a mọ, ohun tí a gbẹ́, àti ohun tí a gbàgbé sínú ilẹ̀. Nítorí náà àwa ń wí pé ìtàn ni ìdájọ́ tí a ṣe lórí ohun àtijọ́, lẹ́yìn tí a ti gbọ́ ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí, tí a sì ti bi wọ́n léèrè dáadáa.

Èyí ni ó ya ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára àlọ́. Ẹni tí ó ń pa àlọ́ Ìjàpá kò ní láti dárúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún un, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé ní ọdún wo ni Ìjàpá lọ sí ilé àna rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí pé báyìí ni ìlú wa ṣe tẹ̀dó, tàbí pé báyìí ni oyè yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, àwa ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé: Ta ni ó sọ fún ọ? Níbo ni òun náà ti gbọ́ ọ? Èrè wo ni ó wà níbẹ̀ fún un? Ẹlòmíràn wo ni ó tún jẹ́rìí sí i? Àwọn baba wa ti fi ìdí òfin yìí lélẹ̀ kí ìwé tó dé sí àárín wa, nígbà tí wọ́n wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tí kò kan òun ni èyí. Ní ilẹ̀ wa, ìtàn a máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan fún ẹlòmíràn, a máa gbé ẹnìkan gorí oyè, a sì máa yẹ àga mọ́ ẹlòmíràn nídìí. Ìlú méjì tí ó ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́ lè di ọ̀tá nítorí àríyànjiyàn pé ọba ta ni ó kọ́kọ́ dé adé. Bí a bá bi àgbàlagbà kan léèrè ìtàn oyè kan ní ọjọ́ tí oyè náà ṣí sílẹ̀, ó mọ ìdáhùn tí yóò gbé ọmọ ilé tirẹ̀ dé ibẹ̀. Olùkọ́ tí ó sì fi ìwé pélébé kan ṣoṣo kọ́ ogójì ọmọ, ó ti sọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà di òtítọ́ ní ogójì ilé. Iṣẹ́ òpìtàn jọ iṣẹ́ onídàájọ́; bí ó bá fi àìbìkítà ṣe é, ẹlòmíràn ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn kan tí púpọ̀ nínú wa mọ̀, kí a sì fi dán àwọn ẹlẹ́rìí wò. Ọ̀ràn náà ni ti Aláàfin Abíọ́dún àti Baṣọ̀run Gáà.

Àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, tí iṣẹ́ ilé wọn láti ìran dé ìran ni láti máa ka orúkọ àwọn ọba àti ìṣe wọn, ni ó fi ìtàn náà lé wa lọ́wọ́, Àlùfáà Samuel Johnson sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀. Wọ́n wí pé Gáà lágbára ju ọba lọ. Pé òun ni ó ń fi ọba jẹ, tí ó sì ń mú kí wọ́n kú nígbà tí ó bá wù ú. Pé ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí ìgbèríko gbogbo láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó jẹ́ ti ọba. Àti pé nígbà tí Abíọ́dún gorí oyè, ojoojúmọ́ ni ó ń lọ kí Gáà ní ilé rẹ̀ bí ọmọ ti í kí baba. Ní ìkẹyìn, Abíọ́dún fi ọgbọ́n àti sùúrù ránṣẹ́ sí Ọ̀yabí, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, pé kí ó wá gba òun. Ní ọjọ́ tí a dá, a pa àwọn ọmọ Gáà níbi tí olúkúlùkù wọn wà, a sì fi ikú ẹ̀sín pa Gáà fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń wí pé: Bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sọ òtítọ́.

Ẹ̀rí yìí ní agbára púpọ̀. Ó fún wa ní orúkọ àwọn ènìyàn, ó sọ ìdí ọ̀ràn fún wa, ó sì jẹ́ kí a mọ bí ọ̀ràn náà ti rí lára àwọn ará Ọ̀yọ́. Àwọn àgbà kò ṣèké nígbà tí wọ́n wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí.

Èkíní, kò sí ọdún nínú rẹ̀. Àwọn baba wa kì í fi iye ọdún so ọ̀ràn mọ́lẹ̀ bí ìwé ti ń ṣe. Wọ́n a máa wí pé, ní ayé ọba báyìí, tàbí ní ọdún tí ogun báyìí jà. Èkejì, inú ààfin ni arọ́kin ń gbé, ọwọ́ ọba ni ó sì ti ń jẹun. Abíọ́dún ni ó borí. Ìdílé Gáà kò ní arọ́kin. Bí Gáà bá ní ohun kan láti wí, bóyá pé àṣà Ọ̀yọ́ fún àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ní agbára láti kọ ọba tí ó bá ń ni ènìyàn lára, a kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ààfin tí yóò wí i fún un. Ẹ̀kẹta, ẹnu tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ a máa ṣe ìtàn lọ́ṣọ̀ọ́. A gbọ́ pé Gáà ń wá àgbọ̀nrín kan, nígbà tí kò sì tètè rí i, ó mú ọmọbìnrin ọba tí orúkọ rẹ̀ jọ orúkọ ẹranko náà, ó sì pa á rọ́pò rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí a bá ti rí ìtàn tí ó dúró lórí ìjọra orúkọ méjì, kí a rọra tẹ̀ ẹ́, nítorí irú rẹ̀ ni ó dùn ún sọ jù lọ, ohun tí ó sì dùn ún sọ a máa pọ̀ sí i bí a ti ń sọ ọ́.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a pe ẹlẹ́rìí kejì. Ní ọdún 1793, a tẹ ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Archibald Dalzel kọ nípa ìjọba Dàhòmì. Nínú ìwé náà, ó sọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀-èdè ńlá kan ní òkè, tí àwọn ará Dàhòmì ń bẹ̀rù, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Eyeo. Ọ̀yọ́ wa ni èyí. Ó wí pé bí ìjọba ọba ibẹ̀ bá sú àwọn ènìyàn, àwọn ìjòyè a fi ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ti mú kí ó rẹ̀ ẹ́, ó sì yẹ kí ó sùn díẹ̀. Ọba tí ó bá gba àrokò náà ti mọ ohun tí ó kù. A wọ inú yàrá lọ láti kú. Dalzel tún wí pé ní ọdún 1774 a fi ẹyin náà ránṣẹ́ sí ọba kan, ṣùgbọ́n ọba náà kọ̀ ọ́, ó ní oorun kò tíì kùn òun. Àwọn ìjòyè náà dìde sí i, ó sì ṣẹ́gun wọn.

Ẹ wo bí ẹ̀rí méjèèjì ti pàdé ara wọn. Arọ́kin mọ Abíọ́dún àti Gáà, ṣùgbọ́n kò mọ ọdún 1774. Dalzel mọ ọdún 1774, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Abíọ́dún tàbí Gáà. Arọ́kin kò ka ìwé Dalzel, Dalzel kò sì bá arọ́kin jókòó. Kànga méjì ni wọ́n ti pọn omi wọn, omi náà sì rí bákan náà. Nítorí èyí ni àwọn òpìtàn òde òní fi gbà pé ọba kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, tí wọ́n sì fi ìṣubú Gáà sí ọdún 1774. Àkọsílẹ̀ mìíràn tí àwọn òyìnbó etí òkun fi sílẹ̀ jẹ́ kí a mọ̀ pé ní ọdún 1789 ni ọba náà wàjà. Báyìí ni ìtàn tí kò ní ọdún ṣe rí òpó méjì tí ó lè dúró lé.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé nítorí pé ó wà nínú ìwé ni ó fi jẹ́ òtítọ́. Ìwé pẹ̀lú jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó sì yẹ kí a bi òun náà léèrè. Ta ni Dalzel? Oníṣòwò ẹrú ni, ó sì ti jẹ́ olórí ilé olódi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ouidah. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ Ọ̀yọ́. Ohun tí a ń sọ ní etí òkun ni ó kọ. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jiyàn lórí bóyá kí a fi òpin sí òwò ẹrú, Dalzel sì wà lọ́dọ̀ àwọn tí ó fẹ́ kí òwò náà máa bá a lọ. Nítorí náà, nígbà tí ó bá ń ṣàpèjúwe ìwà ìkà àwọn ọba ilẹ̀ wa, kí a rántí pé ẹni tí ó ń ta ènìyàn ní èrè nínú kí ayé gbà pé ó sàn fún wọn kí a tà wọ́n ju kí a fi wọ́n sílẹ̀ nílé lọ. Arọ́kin jẹun lọ́wọ́ ọba, Dalzel jẹun lórí òwò. Kò sí ẹlẹ́rìí tí kò jẹun níbì kan. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí a mọ ibi tí ó ti jẹun, kí a sì wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ síwájú díẹ̀. Àwọn àgbà Ọ̀yọ́ rántí ayé Abíọ́dún gẹ́gẹ́ bí ayé àlàáfíà àti ọ̀pọ̀, a kò sì ní ìdí láti sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò fi hàn pé ní àkókò kan náà ni a ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí Àjàṣẹ́ ní etí òkun, tí àwọn Potogí ń pè ní Porto Novo, láti tà wọ́n sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ tí ó wà nínú ààfin àti òǹdè tí ó wà lójú ọ̀nà, ìjọba kan náà ni ó bí wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti ààfin nìkan yóò wí pé ayé dára. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti èbúté nìkan yóò wí pé ayé bàjẹ́. Òpìtàn gbọ́dọ̀ gbọ́ méjèèjì, kò sì gbọ́dọ̀ dín ọ̀kan kù nítorí pé ó ń dójú ti ìlú rẹ̀.

Àwọn tí a tà kò ní arọ́kin, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tí a tà ní ìran tí ó tẹ̀lé e wá kọ ìwé fúnra wọn. Ẹni tí a mọ̀ jù lọ ni Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1837, ó kọ lẹ́tà kan nípa bí a ti kó o ní Òṣogùn, ìlú rẹ̀, nígbà tí ó wà ní ọmọdékùnrin: bí ogun ti dé ní òwúrọ̀, bí òun àti ìyá rẹ̀ ti sá, bí a ti fi okùn mú wọn, àti bí ìlú náà ti jóná. Àwọn àgbà wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ̀rí ẹni tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí lójú ara rẹ̀ ni èyí. Síbẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí ìwà òtítọ́ ọkùnrin náà. Kò fi ìdánilójú sọ ọdún. Ó kàn wí pé òun rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọjá, ilẹ̀ tí a sì ti kó o kì í fi iye ọdún so ọ̀ràn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Esperanza Felix tí a kó o sí, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ìwé àwọn ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó dájú yìí ni a fi lè ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, kí a sì rí i pé ìrántí rẹ̀ tọ̀nà.

Ẹni tí ọ̀ràn ṣojú rẹ̀ pẹ̀lú ní ààlà tirẹ̀. Àjàyí rí iná tí ó jó ilé baba rẹ̀. Kò rí ìgbìmọ̀ tí ó dá ogun náà. Ó lè sọ irú ènìyàn tí ó kó wọn, kò lè sọ gbogbo ohun tí ó ti bàjẹ́ láàárín Aláàfin àti àwọn ìjòyè rẹ̀ tí ogun fi gba gbogbo ilẹ̀. Fún èyí, àwa ní láti padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí Johnson bá sọ̀rọ̀. Ohun kan tí ó mú kí ìwé Johnson níye lórí ni pé ó dárúkọ àwọn tí ó bi léèrè, bí i David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, àti Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ. Ẹni tí ó dárúkọ ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti fún wa ní àyè láti yẹ ọ̀rọ̀ òun wò. Ẹni tí ó wí pé "a gbọ́ pé" nìkan ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Ewu kan wà tí ó fara sin, òun ni a sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ kíyè sí jù lọ. Nígbà mìíràn ẹlẹ́rìí mẹ́rin lè jẹ́ ẹyọ kan. Ní ọdún 1812, Muhammad Bello ti Sókótó kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá, nínú èyí tí ó wí pé àwọn Yorùbá jẹ́ ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, láti inú ẹ̀yà Nímródù. Clapperton, arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì, mú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Bello lọ sí ìlú rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1826. Johnson rí i níbẹ̀, ó sì fi í sínú ìwé tirẹ̀. Láti inú ìwé Johnson ni ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́. Bí àgbàlagbà kan bá wá sọ fún wa lónìí pé ọ̀dọ̀ Nímródù ni àwọn baba ńlá wa ti wá, ó yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ bi í pé: Baba, ṣé ẹnu baba yín ni ẹ ti gbọ́ èyí, tàbí inú ìwé ni? Nítorí bí ó bá jẹ́ inú ìwé ni, a kò tíì rí ẹlẹ́rìí mìíràn. Ohùn Bello ni ó rìn yí ká tí ó sì tún padà wá bá wa nílé. Ọ̀rọ̀ kan kì í di òtítọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹnu ni ó ń sọ ọ́. Orísun ni kí a kà, kì í ṣe ẹnu.

Ilẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ẹlẹ́rìí, ilẹ̀ kò sì mọ irọ́ í pa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ṣìnà. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ó rí àwọn iṣẹ́ ọnà ibẹ̀, kò lè gbà pé ọwọ́ àwọn baba wa ni ó ṣe wọ́n. Ó wí pé àwọn àjèjì láti òkè òkun ni ó mú ọgbọ́n náà wá. Ní ọdún 1938, bí a ti ń walẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, a hú ọ̀pọ̀ orí tí a fi idẹ rọ, tí ẹwà wọn ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ìwádìí tí a ti ṣe láti ìgbà náà fi hàn pé láàárín ọdún 1100 sí 1500 ni iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ gbilẹ̀, àti pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ń ṣe gíláàsì ní Igbó Olókun. A rí ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ níbẹ̀. Ilẹ̀ ti dá Frobenius lóhùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sọ orúkọ. Ojú tí a rọ wà níbẹ̀, a kò sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni í sí i lára. Nígbà tí a bá pe ìbòjú bàbà kan tí ó wà ní ààfin Ifẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Ọbalùfọ̀n, ẹnu àwọn àgbà ni ó fún un ní orúkọ, kì í ṣe ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìjẹ̀bú. Yàrà ńlá tí a ń pè ní Eredò yí ilẹ̀ náà ká, gígùn rẹ̀ sì tó bí ọgọ́jọ kìlómítà. Àwọn àgbà wí pé Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, ni ó ní kí a wà á. Ní nǹkan bí ọdún 1505, Duarte Pacheco Pereira, ọ̀gá ọkọ̀ ará Potogí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìjẹ̀bú jẹ́ ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká. Ẹnu fún wa ní orúkọ, ìwé fún wa ní ọdún, ilẹ̀ sì fún wa ní ìwọ̀n. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtàn náà di arọ.

Èdè wa tún jẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí tí kò mọ̀ pé òun ń jẹ́rìí. Nínú ilé ìsìn wa gan-an, a ń pe ẹni tí ó ń darí ìsìn ní àlùfáà, a ń gba àdúrà, a sì ń gbọ́ ìwàásù. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí tí àwọn míṣọ́nnárì mú wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti bọ́ sí ẹnu wa, láti ìhà òkè, kí àwọn oníwàásù tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní ọdún 1842. Nígbà tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn ènìyàn ni wọ́n lò. Ẹni tí ó bá wí pé àwọn baba wa kò mọ ẹ̀sìn Ìmàle kí ogun àwọn Fúlàní tó dé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gbàdúrà ni yóò já a. Oríkì pẹ̀lú kò kéré. Àwọn obìnrin ilé tí ó ń kì wá a máa pa ibi tí ìdílé wa ti ṣí wá mọ́ sínú oríkì orílẹ̀, wọn a sì máa kì wá ní ohun ìtìjú àti ohun iyì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí arọ́kin kò jẹ́ wí níwájú ọba wà lẹ́nu ìyàwó ilé.

Bí a ti ń yin ìwé, kí a má ṣe gbàgbé pé ìwé náà a máa kú. Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897. A fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó kí a lè tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù níbẹ̀. Òǹkọ̀wé náà kú ní ọdún 1901 láìfi ojú kan án mọ́. Arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún ìwé náà kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí olóògbé náà fi sílẹ̀. Òun náà kò dúró títí ìwé náà fi jáde ní ọdún 1921. Bí kò bá sí àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, gbogbo ohun tí Kúkọ̀mí àti Lágunjú sọ ì bá ti bá wọn wọ ibojì. Bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 dákẹ́ ní ọdún 1867, nígbà tí a lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ kọ ní ọ̀rúndún náà ṣì wà ní ìpamọ́ ní Birmingham, nínú èyí tí orúkọ ìlú wa àti ogun wa wà pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìsìnkú tí ó wà nínú àpótí ìjọ wa pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rí, bí ikán kò bá tíì jẹ wọ́n.

Nítorí náà, a fi àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí síwájú ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìlú rẹ̀ tàbí kí ó kọ́ ọmọdé ní ìtàn. Èkíní, kọ orúkọ ẹni tí ó bá ọ sọ̀rọ̀, agbo ilé rẹ̀, oyè rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó sọ̀rọ̀. Èkejì, bí o bá ti gbọ́ ti ìdílé tí ó borí, lọ gbọ́ ti ìdílé tí ó ṣubú. Bí o bá ti bi àwọn ọkùnrin, bi àwọn obìnrin pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, má ṣe fi ìwé tọ́ àgbà sọ́nà nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, kí o má bàa gbọ́ ohùn ara rẹ padà. Ẹ̀kẹrin, wá ọ̀ràn kan tí ọdún rẹ̀ dájú, kí o sì so ìyókù mọ́ ọn. Ìkarùn-ún, bí ẹ̀rí méjì kò bá dọ́gba, kọ méjèèjì sílẹ̀, kí o sì sọ ìdí tí o fi gba ọ̀kan ju èkejì lọ. Ìkẹfà, kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, má sì kó méjèèjì sínú ilé kan.

Àwọn kan yóò wí pé irú ìwádìí báyìí ń rú àbùkù sí àwọn baba wa. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi irọ́ yin baba rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òtítọ́ baba náà kò tó yìn. Abíọ́dún kò kéré nítorí pé a mọ̀ nípa èbúté Àjàṣẹ́; ènìyàn ni a rí nísinsìnyí, kì í ṣe ère. Bí ó bá sì jẹ́ pé òwe nípa ikú Gáà ni gbogbo ohun tí ó kù fún Gáà, ó tọ́ kí àwa tí ó ń pa òwe náà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ohun tí ó ní kí a ṣe, kí a sọ òtítọ́, àní nípa Gáà fúnra rẹ̀. Ní ìlú olúkúlùkù wa, àgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi léèrè. Ẹ mú ìwé àti kálámù, kí ẹ tọ̀ ọ́ lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí; lẹ́yìn náà, kí ẹ kọjá sí ilé kejì, kí ẹ gbọ́ ti àwọn náà.